Àwọn Ọjọ́bọ̀ Wa Lẹ́yìn Ìlógbò

Nígbà tí Èkìtì ṣì wà lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ń pín àwa òṣìṣẹ́ ìjọba síbi iṣẹ́. Kò tíì pẹ́ tí mo jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n fi gbé mi lọ sí Aramọ̀kọ. Inú mi dùn. Ọmọ Ìjerò ni mí, ọkọ mi sì ń ṣe tíṣà níbẹ̀, mo wá ń wò ó pé mo ti súnmọ́ ilé. Mi ò mọ̀ pé abúlé kan tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ni ọkàn mi yóò máa fà sí títí di ọjọ́ ogbó mi.

Ẹgbẹ́ aláàánú kan ní òkè òkun ló fi owó ìrànwọ́ ránṣẹ́, pé kí ìjọba fi gbé ìtọ́jú dé àwọn abúlé tí dókítà kì í dé. Nínú owó yẹn ni wọ́n ti ra Láńdírófà kan fún wa, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọmọdé, àti àpótí tí a ń kó yìnyín sí kí abẹ́rẹ́ àjẹsára má baà bàjẹ́ lọ́nà. Èmi àti dírẹ́bà ni wọ́n fi apá Ìlógbò lé lọ́wọ́. Ará Ọ̀yọ́ ni dírẹ́bà. Ó ti pẹ́ ní Aramọ̀kọ, ó ti fẹ́yàwó níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń sọ Èkìtì bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Èmi ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n, òun ń pè mí ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ dáadáa.

Abúlé kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni ti abúlé tó wà lẹ́yìn Ìlógbò. A ó ti kúrò ní Aramọ̀kọ nígbà tí ìkùukùu ṣì bo orí òkè lápá Ẹ̀fọ̀n, tí a kò rí ju ìsàlẹ̀ òkè lọ. Tí a bá kọjá Ìlógbò, a ó yà sínú oko kòkó. Ojú ọ̀nà á ṣókùnkùn lójijì, ewé kòkó á máa gbá ara ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì, afẹ́fẹ́ á tutù, á máa rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Lẹ́yìn náà ni odò kan tí kò ní afárá. Ẹ̀gbọ́n á sọ̀ kalẹ̀, á fi igi wo bó ṣe jìn tó, á padà sínú ọkọ̀, á ní, "Ẹ di àpótí yín mú o," a ó sì fara balẹ̀ la omi já. Òkè odò yẹn ni abúlé wà.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò jáde. A gbé òṣùwọ̀n kọ́ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo wọ aṣọ funfun mi tó ń dán, mo dúró. Àwọn obìnrin ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Nígbà tó yá, Ẹ̀gbọ́n lọ bá obìnrin kan tó ń bẹ ẹ̀gẹ́.

"Ìyá, ṣé ẹ ò gbọ́ pé a ti dé ni?"

"A gbọ́," obìnrin náà dáhùn. "Màmá ni kò tíì sọ̀rọ̀."

Màmá ni ìyá àgbà tó ń gbẹ̀bí ní abúlé náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ bọ́ sí wá sáyé, títí kan pásítọ̀. Mo lọ bá a lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó so aṣọ mọ́ àyà, ó ń tú kòkó tó sá sórí ẹní. Mo kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá."

"Óò." Kò dáwọ́ dúró. "Ìwọ ni wọ́n ní kó wá kọ́ mi níṣẹ́ mi?"

"Rárá o, Màmá. Wọ́n ní kí n wá bá yín ṣe é ni."

"Ìwọ, o ti bímọ rí?"

"Mi ò tíì bí, Màmá."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bọ́ bàtà rẹ sílẹ̀. Wá bá mi tú kòkó yìí ná."

Mo bọ́ bàtà. A jọ ń tú kòkó títí oòrùn fi mú. Ó ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀: ọmọ ta ni mí ní Ìjerò, kí ni bàbá mi ń gbìn, ṣé ọkọ mi ń mutí. Mo ń dá a lóhùn. Aṣọ funfun mi ti di aláwọ̀ ilẹ̀ nígbà tó dìde, tó gbọn ọwọ́ rẹ̀, tó sì nahùn sí àwọn ilé tó yí wa ká pé, "Ẹ gbé àwọn ọmọ yín jáde o!" Kò pẹ́ tí abẹ́ máńgòrò kún. Ẹ̀gbọ́n tó ti sùn lọ nínú ọkọ̀ ta jí, ó rò pé ìjà ló dé.

Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀. À ń wọn ọmọ, à ń gún wọn lábẹ́rẹ́, à ń kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe lè po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi tí wọ́n ti sè fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru. Wọ́n sọ ọ́ di orin, wọ́n ń jó sí i. Tí èmi àti Màmá bá wá kù láwa nìkan, a ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, a ó máa sọ̀rọ̀ nípa ìgbẹ̀bí. Mo kó ọṣẹ fún un, mo kó abẹ tuntun àti òwú tí a fi ń so ìwọ́ fún un. Ó gbà wọ́n tayọ̀tayọ̀. Ó ní ọjọ́ pẹ́ tí òun ti ń bẹ àwọn ọkùnrin abúlé pé kí wọ́n máa ra abẹ tuntun fún òun, tí wọn ò dáhùn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fa àríyànjiyàn láàárín wa. Tí ọmọ tuntun kò bá tètè ké, omi tútù ni Màmá máa ń wọ́n sí i lára. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, pé òtútù lè pa ọmọ náà, pé kó nu ẹnu àti imú rẹ̀, kó nù ún gbẹ, kó máa fi aṣọ ra á lẹ́yìn, kó sì jẹ́ kí ara rẹ̀ móoru.

"Omi tútù ló jí bàbá rẹ náà," ni yóò sọ.

"Màmá, wọn ò bí bàbá mi ní abúlé yìí."

"Ṣé kò sí omi ní Ìjerò ni?"

A ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Bí mo bá tún dé ní Ọjọ́bọ̀ mìíràn, mo tún máa sọ ọ́. Nígbà tó pẹ́, kò bá mi jiyàn mọ́. Ó kàn máa ń wo òréré. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà tàbí kò gbà.

Lẹ́yìn iṣẹ́, á pè mí wọlé. "Nọ́ọ̀sì, wọ ulé wá, wá jẹ uṣu." Iṣu sísun ni, tí ó ti fi ọ̀bẹ ha ara rẹ̀, pẹ̀lú epo tí ó fi iyọ̀ sí. Mo ti jẹun láwọn ibi ńláńlá lẹ́yìn ìgbà yẹn, lórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí. Mi ò tíì rí oúnjẹ tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo lóyún, Màmá ló kọ́kọ́ mọ̀ lẹ́yìn ọkọ mi. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí a bá ti wọn ọmọ tó kẹ́yìn tán, á fi àtẹ́lẹwọ́ kan inú mi, á ní, "Ó ku tìrẹ." Àwọn obìnrin á pariwo ẹ̀rín. Àwọn ọ̀gá wa fún mi ní ìsinmi nígbà tí oyún náà wọ oṣù tó yẹ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ sinmi, kí n lè dágbére fún wọn. Ẹ̀gbọ́n ò fẹ́. "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ọ̀nà yẹn ò dáa fún yín mọ́." Mo rin kinkin mọ́ ọn, a lọ.

Láàárọ̀ ni ẹ̀yìn ti ń ro mí, mo rò pé gìrìgìrì ọkọ̀ ló fà á. A ò tíì wọn ọmọ dé ìdajì tí òjò fi dé. Gbogbo wa sá wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Òjò náà pọ̀ débi pé a kò gbọ́ ohùn ara wa lábẹ́ páànù. Níbi tí mo ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo rí i pé aṣọ mi tutù, kì í sì í ṣe òjò ló rẹ ẹ́. Omi oyún mi ti dà.

Ẹ̀gbọ́n sáré lọ wo odò. Nígbà tó padà dé, omi ń ṣàn lára rẹ̀ wàràwàrà.

"Odò ti kún dé bèbè. Ọkọ̀ ò lè kọjá. Èèyàn pàápàá ò lè kọjá."

"Ta ló ní kẹ́ni kankan kọjá?" Màmá dá a lóhùn. Ó dì mí mú ní apá kan, obìnrin mìíràn dì mí mú ní apá kejì, wọ́n sì mú mi lọ sí ilé rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí. Mo ti gbẹ̀bí púpọ̀ fún ẹlòmíràn, mo mọ gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀, ohun tí mo mọ̀ yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ láti orí ẹní. "Màmá, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Màmá, ẹ bọ òwú. Màmá, abẹ tuntun ni kí ẹ mú o."

Ó ti fọ ọwọ́. Òwú ti wà lórí iná. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi, ó fi ọwọ́ nu òógùn ojú mi.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "ìwọ lo ń bímọ lónìí. Jẹ́ kí n ṣe èyí tó kù."

Mo gbé orí lé ẹní. Ó ń sọ̀rọ̀ sí mi létí jẹ́jẹ́, ó ń ra ìbàdí mi, ó ń ní kí n mí, kí n má tíì ti ọmọ. Nígbà tó ní kí n ti ọmọ, mo ti ọmọ. Ọmọ náà jáde ní ọ̀sán gangan, bí òjò ṣe ń dá díẹ̀díẹ̀.

Kò ké.

Mo gbé orí sókè. Nítòsí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti gbé ìkòkò kan sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀, omi òjò ti kún inú rẹ̀. Ojú mi ò kúrò lára omi yẹn. Màmá ò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ó mú aṣọ funfun kan, ó nu ẹnu ọmọ náà, ó nu imú rẹ̀, ó nu gbogbo ara rẹ̀ gbẹ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ ra á lẹ́yìn, sókè, sókè, ó gbé e mọ́ àyà ara rẹ̀, ó ń ra á. Ọmọ náà ṣe bí ẹni tó fẹ́ sín. Ó wá fi igbe ta.

"Ó ti ké!" Ẹ̀gbọ́n pariwo láti abẹ́ òrùlé níta. "Ẹ̀yin èèyàn, ó ti ké!"

Èmi náà bú sẹ́kún. Nígbà tí Màmá ti so ìwọ́ tán, tí ó gbé ọmọ náà lé mi láyà, mo ní, "Màmá, ẹ ò wọ́n omi sí i."

"O ní kí n má wọ́n ọn." Ó fa aṣọ bo ẹ̀yìn ọmọ náà. "Ká ní kò ké ni, ǹ bá wọ́n ọn o."

A rẹ́rìn-ín títí inú fi ń ro mí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi dé etí odò lódìkejì. Ó ti gbọ́ ní Aramọ̀kọ pé ọkọ̀ wa ò padà, ó sì ti fẹsẹ̀ rìn láti Ìlógbò. Omi ò tíì fà tán, kò lè kọjá. Ó dúró síbẹ̀, ó ń fi aṣọ juwọ́, ó ń ké pé, "Kí ló bí?" Gbogbo abúlé ló dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Obìnrin ni!" Ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù. Nígbà tí omi fà, àwọn ọkùnrin gbé mi kọjá lórí àga, Màmá fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ, kò gbà fún ẹnikẹ́ni.

Mo rò pé a ó máa bá iṣẹ́ náà lọ títí ayé ni. Ọmọ mi ti ń rìn nígbà tí òyìnbó obìnrin kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fún wa lówó. Mo mú un lọ sí abúlé náà, ó jókòó sórí ẹní, ó jẹ iṣu, ó gbé ọmọ mọ́ra. Ó ní iṣẹ́ náà dára, ó sì dájú pé tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ní àkókò tí wọ́n dá fún owó ìrànwọ́ náà ti ń tán lọ, pé ìjọba ni yóò gbà á ṣe láti ibẹ̀. Ìjọba gbà lẹ́nu lásán. Láìpẹ́, wọ́n ní kí a dá ọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́, kí a dá òṣùwọ̀n náà padà. Ẹ̀gbọ́n lọ wa ọkọ̀ pákó. Èmi, wọ́n gbé mi lọ sí ẹsẹ̀ odò, ilẹ̀ olómi tó wà níwájú Igbókòdá.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, mo sọ fún Màmá.

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?" ó bi mí.

"Mi ò ní lè wá, Màmá."

"Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wọlé, ó gbé iṣu jáde, ó tò ó sẹ́yìn ọkọ̀, ó fi ewé bò ó. Kí Ẹ̀gbọ́n tó ṣíná sí ọkọ̀, Màmá ti gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ti gba ọ̀nà oko lọ. Kò wẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí kòkó fi bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹsẹ̀ odò ò burú. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe dáadáa sí mi, wọ́n fún mi lẹ́ja, wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń jókòó nínú ọkọ̀ ojú omi láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú rẹrẹ. Kò sí òkè kankan tí ojú lè sinmi lé. Tí mo bá jí ní Ọjọ́bọ̀, ara mi á ti jí ṣáájú mi, á ti múra ọ̀nà. Mo máa ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo máa ń rò ó pé báyìí ni à bá ti yà kúrò ní títì, báyìí ni à bá ti dé odò.

Lọ́jọ́ kan nínú ọjà, mo gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń ná ẹja gbígbẹ. Bí a ṣe ń fa ọ̀rọ̀ lágbègbè wa gan-an ló ṣe ń fà á. Mo fi ohun tí mò ń rà sílẹ̀, mo tẹ̀ lé e láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Nígbà tó ṣe, ó yíjú sí mi.

"Ìyáàfin, kí lẹ fẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Èyíkéyìí."

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ rọ̀. Ará Òkè-Ìmẹ̀sí ni, ó wá ra ẹja lọ tà. Ó jókòó tì mí lórí àpótí, ó sọ fún mi pé òjò ti rọ̀ dáadáa lọ́dọ̀ wa, pé àgbàdo ti gbó, pé ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n ti bàjẹ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ ní èdè wa. Omijé ń bọ́ lójú mi, kò béèrè ìdí.

Nígbà tí mo gba ìsinmi, ọmọ mi ti ń lọ sílé ìwé. Mo mú un dání, mo sì fojú sun Ọjọ́bọ̀. A wọ tákísí dé Ìlógbò, a sì fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Mò ń rò pé a ó bá abẹ́ máńgòrò ní òfìfo. Àwọn obìnrin ló kún ibẹ̀. Wọ́n ti yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń ra kòkó, wọ́n fi ìró so ọmọ mọ́ ìwọ̀ rẹ̀, ọmọ náà ń fì síwá sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Màmá jókòó sórí àpótí. Ojú rẹ̀ ti ṣú, kò ríran mọ́. Mo kí i, ó gbé orí sókè.

"Nọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ yín dà?"

"Kò sí ọkọ̀ mọ́, Màmá. A rìn wá ni."

"A dúró dè yín o. Nígbà tí a dúró títí, àwọn ọmọ ń dàgbà, a ò mọ bí wọ́n ṣe wúwo tó, la bá lọ yá eléyìí." Ó ní fún abẹ́rẹ́, àwọn ìyá máa ń kó ara wọn jọ lọ sí Aramọ̀kọ, wọ́n á jọ lọ, wọ́n á jọ bọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ta ló ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yẹn?"

Mo ti ọmọ mi síwájú. Màmá fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ tí kì í dúró jẹ́ẹ́ dúró jẹ́ẹ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ àwọn tó wà ní Àkúrẹ́ pé kí wọ́n dá mi padà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́. Nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí ilé ìwòsàn Ẹ̀fọ̀n, Màmá ti kú. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti lè rí mi ránṣẹ́ sí.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń gbẹ̀bí ní abúlé náà báyìí. Mo mọ̀ nítorí ó gbé aboyún kan tí ọmọ rẹ̀ dábùú wá bá wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ìyá yè, ọmọ yè. Èmi àti obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, ó sì sọ fún mi bí Màmá ṣe lọ: pé ó jẹun, ó ní kí wọ́n gbé ẹní òun sí ìta níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó sì sùn.

Mo fẹ́ béèrè bóyá ó sọ̀rọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Obìnrin náà ti dìde, ó ń lọ wo aláìsàn rẹ̀, mo sì jẹ́ kó lọ.